Ẹnìkẹta láàárín Labour àti Conservative: iṣẹ́ tí Lib Dem ń ṣe nínú òṣèlú Ìlú Ọba

Ẹkùn ìdìbò mẹ́ta kan wà ní gúúsù England tí mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀: Witney, Maidenhead àti Henley. Witney ni David Cameron ń ṣojú fún nígbà tó di olóòtú ìjọba. Maidenhead ni Theresa May ṣojú fún. Henley ni Boris Johnson gbà wọ ilé aṣòfin fún ìgbà àkọ́kọ́ ní 2001. Ọmọ ẹgbẹ́ Conservative ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, wọ́n sì gorí àlééfà tẹ̀ léra wọn. Nígbà tí wọ́n ka ìbò tán ní òru ọjọ́ 4 mọ́jú ọjọ́ 5 oṣù Keje 2024, kò sí ọ̀kan nínú ẹkùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó kù lọ́wọ́ Conservative. Labour ló gba ìjọba lọ́dún náà, àmọ́ kì í ṣe Labour ló gba ibẹ̀. Liberal Democrats ni, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Lib Dem, ẹgbẹ́ tí ọ̀pọ̀ èèyàn wa nílé kò tilẹ̀ gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí.

Bí a bá ń sọ òṣèlú Ìlú Ọba láàárín ara wa, bí ìjàkadì ẹni méjì la máa ń sọ ọ́: Labour lápá kan, Conservative lápá kejì. Kò sí irọ́ ńbẹ̀. Láti 1922, ọmọ ẹgbẹ́ Liberal kankan kò tún di olóòtú ìjọba mọ́. Ṣùgbọ́n ẹnìkẹta wà nínú ilé náà, gbòǹgbò rẹ̀ ti wà níbẹ̀ kí Labour tó dáyé, bó bá sì sún díẹ̀, àwọn méjì tó kù á mọ̀ ọ́n lára. Wọ́n ń pè é ní ẹgbẹ́ àárín, torí pé lórí owó orí àti iṣẹ́ ìjọba, kò fara mọ́ Labour tán, kò sì fara mọ́ Conservative tán. Orúkọ yẹn dára, àmọ́ kò tó. Lójú tèmi, ohun tó ń gbé ẹgbẹ́ yìí ró ni pé ó máa ń rí ìbò níbi tí ọ̀kan nínú àwọn àgbà méjì yẹn kò ti lè dé. Ohun tó sì ti ṣe é léṣe jù lọ ni ọjọ́ tí wọ́n pè é pé kó wá bá àwọn ṣe ìjọba.

Ìbò dín, ìjókòó pọ̀

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ní 2019, Lib Dem gba ìbò bíi mílíọ̀nù 3.7 káàkiri Ìlú Ọba. Nínú ìjókòó 650 tó wà nílé aṣòfin, 11 ni wọ́n rí gbà. Jo Swinson tó jẹ́ olórí wọn pàdánù ìjókòó tirẹ̀ ní Scotland, ìbò 149 péré ni wọ́n fi jù ú lọ. Ní 2024, ìbò wọn wálẹ̀ sí nǹkan bíi mílíọ̀nù 3.5. Ìjókòó 72 ni wọ́n gbé lọ sílé. Ìbò dín kù, ìjókòó ju ìlọ́po mẹ́fà lọ.

Báwo ló ṣe rí bẹ́ẹ̀? Ọ̀nà tí wọ́n fi ń yan aṣòfin níbẹ̀ kò yàtọ̀ sí bí àwa náà ṣe ń yan sẹ́nétọ̀ àti ọmọ ilé aṣojú-ṣòfin ní Nàìjíríà, ọwọ́ wọn la kúkú ti kọ́ ọ. Ẹkùn kọ̀ọ̀kan ń yan ẹnì kan. Ẹni tí ìbò rẹ̀ bá pọ̀ jù, ì báà jẹ́ ìbò ẹyọ kan ló fi ju èkejì lọ, òun ló ni ìjókòó. Ìbò àwọn tó kù dànù. Ẹgbẹ́ tí ìbò rẹ̀ bá fọ́n káàkiri bí àgbàdo tí wọ́n dà fún adìẹ lè ní ìbò mílíọ̀nù lọ́nà mílíọ̀nù, kó má rí nǹkan gidi fi ṣe. Ẹgbẹ́ tí ìbò rẹ̀ kóra jọ sójú kan ló ń jèrè.

Ní 2019, Lib Dem lé eku méjì. Wọ́n ní Swinson lè di olóòtú ìjọba. Wọ́n tún ní bí àwọn bá ní ọ̀pọ̀ nílé aṣòfin, àwọn máa fagi lé Brexit, ìyẹn bí Ìlú Ọba ṣe fẹ́ kúrò nínú Ìṣọ̀kan Yúróòpù, láìtún bi ará ìlú léèrè mọ́. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó fẹ́ kí Ìlú Ọba dúró sínú Ìṣọ̀kan Yúróòpù gan-an rò pé ìyẹn ti kọjá ààlà, torí ará ìlú ti dìbò lórí ọ̀rọ̀ náà ní 2016. Ed Davey, tó gba ipò olórí ní 2020, gba ọ̀nà mìíràn. Ibi tí ẹgbẹ́ náà ti ń ṣe ipò kejì sí Conservative ló kó èèyàn àti owó lọ. Níbi tí Labour ti lágbára, wọn kò fi bẹ́ẹ̀ da ara wọn láàmú. Labour náà ṣe bákan náà fún wọn níbi tí Lib Dem ti lágbára, láìsí pé wọ́n tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn kankan.

Ẹni tó bá ń gbé ní irú àwọn àdúgbò yẹn mọ ìwé ìléwọ́ wọn dáadáa. Wọ́n á tì í gba ihò lẹ́tà tó wà lára ilẹ̀kùn, á já bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ìwé ìpolówó pisá àti bíìlì iná. Àwọ̀ ọsàn ló máa ń ní. Ọ̀rọ̀ kòtò ojú títì á wà nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ dókítà eyín tí ará àdúgbò ń wá tí wọn ò rí, ọ̀rọ̀ omi ẹlẹ́gbin tí àwọn iléeṣẹ́ omi ń tú sínú odò. Bó o bá yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò, òpó mẹ́ta lo máa rí nínú àwòrán kan. Òpó búlúù ti Conservative ga, òpó ọsàn ti Lib Dem ń lé e bọ̀ pẹ́kípẹ́kí, òpó pupa ti Labour kúrú bí àpótí ìdáná. Lábẹ́ rẹ̀, wọ́n á kọ ọ́ gàdàgbà pé Labour kò lè wọlé níbí.

Òpó mẹ́ta yẹn ló gbé gbogbo ọgbọ́n wọn dání. Wọn ò ní kí ọmọ Labour tó ń gbé ibẹ̀ kúrò nínú ẹgbẹ́ rẹ̀. Ohun tí wọ́n ń sọ fún un ni pé bó bá fẹ́ kí Conservative kúrò ládùúgbò òun, ọ̀dọ̀ Lib Dem ni kó gbà lọ́tẹ̀ yìí. Nígbà mìíràn, wọ́n máa ń fa òpó tiwọn gùn ju bó ṣe yẹ lọ, àwọn oníròyìn sì ti bá wọn wí lórí rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Èmi a máa wo àlàyé wínníwínní tó wà nísàlẹ̀ àwòrán náà, kí n mọ ọdún tí wọ́n ti mú iye ìbò yẹn jáde, kí n sì mọ̀ bóyá ìbò káńsù ni tàbí ìbò ilé aṣòfin. Àwọn méjèèjì kò jọra rárá.

Kí 2024 tó dé, wọ́n ti dán ọgbọ́n náà wò nínú àtúndì ìbò, ìyẹn ìbò tí wọ́n fi ń rọ́pò aṣòfin tó kú tàbí tó fipò sílẹ̀. Ní oṣù Kẹfà 2021, wọ́n gba Chesham and Amersham, ẹkùn tó wà lọ́wọ́ Conservative láti ìgbà tí wọ́n ti dá a sílẹ̀ ní 1974. Ní oṣù Kejìlá ọdún yẹn, wọ́n gba North Shropshire. Ilẹ̀ àwọn àgbẹ̀ nibẹ̀, Conservative sì ti fi ìbò tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 23,000 ju ẹni kejì lọ níbẹ̀ ní 2019. Tiverton and Honiton tẹ̀ lé e ní 2022, Somerton and Frome ní 2023. Ìgbàkigbà tí wọ́n bá gba ọ̀kan báyìí, àwọn aṣòfin Conservative tó ń gbé ní irú àdúgbò bẹ́ẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í wẹ̀yìn.

Ohun kan wà nínú ìṣirò 2024 tí mi ò fẹ́ ká gbójú fò. Ìjókòó 72 nínú 650 jẹ́ nǹkan bí ìdá 11 nínú 100. Ìbò wọn jẹ́ ìdá 12.2. Kò sí ìdìbò gbogbogbò kan ṣáájú èyí tí ìjókòó ẹgbẹ́ náà ti sún mọ́ iye ìbò rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Lọ́dún yẹn kan náà, Reform UK ti Nigel Farage gba ìbò tó lé ní mílíọ̀nù 4, ìdá 14.3, ìjókòó 5 ni wọ́n sì fún un. Labour gba ìdá 33.7, ó kó ìjókòó 411. Mi ò fara mọ́ ohun tí Reform ń sọ nípa àwọn tó ṣí wá sí Ìlú Ọba, mi ò sì ní fara mọ́ ọn láé. Síbẹ̀, ìṣirò tó fún ẹni tí ìbò rẹ̀ pọ̀ ní 5, tó wá fún ẹni tí tirẹ̀ kéré ní 72, ń rẹ́ olùdìbò jẹ. Ó ti lé ní ogójì ọdún tí Lib Dem àti àwọn tó bí i ti ń sọ bẹ́ẹ̀. Wọn kò sì yí ohùn padà lẹ́yìn tí ìṣirò náà ṣe wọ́n lóore. Mo kí wọn fún ìyẹn.

Ilé ńlá tó wó

Ẹgbẹ́ Liberal, tó jẹ́ bàbá Lib Dem, kì í ṣe ẹgbẹ́ kékeré nígbà kan rí. Ní 1906, wọ́n dá Conservative dọ̀bálẹ̀ nínú ìdìbò. Ìjọba wọn ló ṣe òfin owó ìfẹ̀yìntì fún àwọn arúgbó ní 1908. Ní 1911, wọ́n ṣe òfin ìdójútòfò fún òṣìṣẹ́ tó bá ń ṣàìsàn àti ẹni tí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Lọ́dún kan náà, wọ́n gba agbára lọ́wọ́ àwọn olóyè ilé House of Lords tí ẹnikẹ́ni kò dìbò yàn, kí wọ́n má baà lè máa fagi lé òfin tí aṣojú ará ìlú bá ti ṣe.

Ará ilé ló wó ilé náà. Ní 1916, nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìíní ń lọ lọ́wọ́, David Lloyd George gba ipò lọ́wọ́ Herbert Asquith, ẹgbẹ́ sì pín sí méjì. Àsìkò yẹn gan-an ni Labour ń dìde, ó sì kó ìbò àwọn òṣìṣẹ́ lọ. Lloyd George kúrò lórí àlééfà ní 1922. Nígbà tó fi máa di 1951, ìjókòó 6 ló kù fún ẹgbẹ́ tó ti ṣàkóso ìjọba tó tóbi jù láyé.

Ilé wó, àmọ́ ẹrù inú rẹ̀ kò ṣègbé. William Beveridge, ẹni tó kọ ìwé àbá 1942 lórí bí ìjọba ṣe gbọ́dọ̀ gbógun ti òṣì àti àìsàn, ọmọ Liberal ni. Orí àbá rẹ̀ ni Labour dúró lé nígbà tí wọ́n ń to ètò ìrànwọ́ ìjọba, tí NHS, ètò ìlera ìjọba, sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1948. Ọ̀pọ̀ nọ́ọ̀sì àti dókítà tó ń jẹ́ Fúnmiláyọ̀ àti Adéwálé ló ń jẹun nínú NHS yẹn lónìí. John Maynard Keynes, tí àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé ṣì ń jiyàn lé lórí, ọmọ Liberal ni òun náà. Wọ́n gbin ín, ẹlòmíràn ló kórè rẹ̀.

Ní 1981, àwọn àgbà mẹ́rin láti inú Labour, Roy Jenkins, David Owen, Shirley Williams àti Bill Rodgers, ya kúrò, wọ́n sì dá SDP (Social Democratic Party) sílẹ̀, torí wọ́n ní Labour ti ń lọ sápá òsì jù. Wọ́n gbá Liberal mú. Nínú ìdìbò 1983, àwọn méjèèjì jọ gba ìbò mílíọ̀nù 7.8. Labour gba mílíọ̀nù 8.5. Ẹ wo bí wọ́n ṣe pín ìjókòó: Labour gba 209, àwọn gba 23. Ẹni tí irú èyí bá ṣẹlẹ̀ sí kì í gbàgbé. Òun ni gbòǹgbò ohun tí Lib Dem ń bèèrè títí di òní, pé kí iye ìjókòó bá iye ìbò mu. Ní 1988, SDP àti Liberal para pọ̀ di ẹgbẹ́ kan ṣoṣo tí a mọ̀ lónìí.

Àwọn mìíràn ti gbìyànjú láti dá ẹgbẹ́ àárín tiwọn sílẹ̀. Ní oṣù Kejì 2019, aṣòfin Labour 7 jáde, mẹ́ta láti inú Conservative sì dara pọ̀ mọ́ wọn láàárín ọjọ́ díẹ̀. Kí ọdún náà tó parí, ìdìbò dé, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó padà wọlé. Ariwo wọn pọ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n, àmọ́ wọn kò ní ẹni tó máa kan ilẹ̀kùn ní alẹ́ ọjọ́ Tuesday tí òjò ń rọ̀. Lib Dem ní irú wọn, torí pé láti ìdí káńsù ni wọ́n ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Nínú ìdìbò káńsù oṣù Karùn-ún 2025, nígbà tí Reform ń gbá ilẹ̀ kiri, Lib Dem ṣì gba Cambridgeshire, Oxfordshire àti Shropshire.

Ọdún márùn-ún nínú ìjọba

Kò sí bí a ṣe lè sọ̀rọ̀ Lib Dem ká má sọ ti 2010. Ní oṣù Kẹrin ọdún yẹn, wọ́n ṣe àpérò àwọn olórí ẹgbẹ́ lórí tẹlifíṣọ̀n fún ìgbà àkọ́kọ́. Nick Clegg dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ Gordon Brown àti David Cameron, ó sì sọ̀rọ̀ dé ibi tí àwọn méjì tó kù fi ń sọ pé àwọn gbà pẹ̀lú Nick. Nígbà tí ìbò jáde, Conservative ní 306, Labour ní 258, Lib Dem ní 57. Iye tí ẹgbẹ́ kan nílò láti dá ìjọba ṣe jẹ́ 326. Kò sẹ́ni tó dé ibẹ̀.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Ọjọ́ márùn-ún ni wọ́n fi dúnàá dúrà. Labour àti Lib Dem ì bá para pọ̀, 315 ni wọ́n máa jẹ́, kò tíì tó. Conservative nìkan ni Lib Dem lè bá lọ tí nọ́ḿbà á fi pé. Cameron di olóòtú ìjọba, Clegg di igbákejì rẹ̀, àwọn méjèèjì sì jáde sínú ọgbà òdòdó ilé ìjọba ní Downing Street, wọ́n ń rẹ́rìn-ín níwájú kámẹ́rà bí ọkọ àti ìyàwó tuntun.

Wọ́n ṣe iṣẹ́ níbẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín. Owó tí òṣìṣẹ́ lè gbà lọ́dún kí ìjọba tó yọ owó orí nínú rẹ̀ kúrò ní £6,475, ó gòkè kọjá £10,000. Ìlérí Lib Dem ni. Àfikún owó tí ilé ìwé ń gbà lórí ọmọ aláìní, Lib Dem ló mú un wá. Oúnjẹ ọ̀sán ọ̀fẹ́ fún àwọn ọmọ tó kéré jù nílé ìwé ìjọba ní England, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2014, àwọn ni. Òbí Yorùbá tí ọmọ rẹ̀ wà ní kíláàsì kejì ní Peckham lè má mọ̀ pé ẹgbẹ́ kékeré kan ló jà fún oúnjẹ tí ọmọ òun ń jẹ.

Ṣùgbọ́n ṣáájú ìdìbò náà, àwọn tó ń dupò lábẹ́ Lib Dem ti ya fọ́tò pẹ̀lú káàdì kan lọ́wọ́. Orí káàdì náà ni wọ́n ti tọwọ́ bọ̀wé fún ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé àwọn máa dìbò lòdì sí àfikún owó ilé ẹ̀kọ́ gíga. Nígbà yẹn, owó náà lé díẹ̀ ní £3,000 lọ́dún. Ní oṣù Kejìlá 2010, ìjọba tí wọ́n wà nínú rẹ̀ gbé e sí £9,000. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tú síta ní Lọ́ńdọ̀nù, àwọn ọmọ tí ìdìbò àkọ́kọ́ láyé wọn jẹ́ ti Clegg. Aṣòfin Lib Dem tó lé ní ogún kọ̀ láti tẹ̀ lé olórí wọn lọ́jọ́ náà, èyí tó kù tẹ̀ lé e, òfin sì kọjá.

Clegg tọrọ àforíjì nínú fídíò ní 2012. Ó ti pẹ́ jù. Ẹni da ilẹ̀ á bá ilẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ ni fọ́tò yẹn kò kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìbò tí wọ́n ṣe ní 2011 láti yí ọ̀nà ìdìbò padà díẹ̀, èyí tí Lib Dem torí rẹ̀ gbà láti wọ ìjọba, tún já sí òfo. Ìdá 67.9 nínú 100 ló sọ pé àwọn ò fẹ́. Nígbà tí 2015 dé, ìjókòó 57 di 8. Conservative tí wọ́n jọ ṣe ìjọba ló gba èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tó bọ́ lọ́wọ́ wọn, Conservative yẹn náà ló sì ń kéde káàkiri pé àwọn làwọn dín owó orí kù fún òṣìṣẹ́.

Ó dùn mí nígbà tí mo kà á, ó sì ṣì ń dùn mí, torí bí ìjọba àjọṣe ṣe máa ń rí fún àbúrò nìyẹn: ohun rere tó ṣe á di ti ẹ̀gbọ́n, ohun burúkú tí wọ́n jọ ṣe á di tirẹ̀ nìkan. Àmọ́ mi ò lè dá wọn láre lórí káàdì yẹn. Ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi buwọ́ lù ú.

Ohun tí wọ́n ń fi ìjókòó 72 ṣe

Láti 2015 títí di 2024, SNP, ẹgbẹ́ tó fẹ́ kí Scotland dá dúró, ló jẹ́ ẹgbẹ́ kẹta nílé aṣòfin. Ipò yẹn ti padà sọ́wọ́ Lib Dem. Ìyẹn ni pé ní ọ̀sán Wednesday, nígbà tí olóòtú ìjọba bá dúró láti dáhùn ìbéèrè, olórí Lib Dem ní ìbéèrè méjì tó dájú lọ́wọ́. Bákan náà, wọ́n rí ipò alága gbà nínú àwọn ìgbìmọ̀ ilé: Layla Moran ló gba ti ìlera àti ìtọ́jú aláìlera, Alistair Carmichael sì gba ti àyíká, oúnjẹ àti ìgbèríko. Àwọn ìgbìmọ̀ yìí ló ń pe mínísítà wá jókòó, tí wọ́n á bi í léèrè ọ̀rọ̀ títí tí òógùn á fi bọ̀ ọ́.

Ọ̀rọ̀ tí Davey kì í yé sọ ni ti ìtọ́jú àwọn arúgbó àti aláìlera. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló mọ̀ ọ́n sí ẹni tó já bọ́ sínú adágún Windermere láti orí pákó ìtukọ̀ nígbà ìpolongo 2024, tó tún so okùn mọ́ ara tó fò láti òkè. Ó ṣe wọ́n kí kámẹ́rà lè tẹ̀ lé òun ni. Ẹni tó bá wo fídíò ìpolongo rẹ̀ kan ní ọdún yẹn rí ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni nígbà tí bàbá rẹ̀ kú. Ìyá rẹ̀ ṣàìsàn, òun àtàwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tọ́jú rẹ̀, ó sì kú nígbà tí Davey di ọmọ ọdún 15. Ọmọkùnrin tirẹ̀ ní àìlera tó pọ̀, òun àti ìyàwó rẹ̀ ló ń tọ́jú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa náà. Iye àwọn ọmọ Yorùbá tó ń ṣiṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ní Ìlú Ọba kò kéré. Àwọn ló ń jí ní aago mẹ́rin òru, tí wọ́n ń wọ bọ́ọ̀sì lọ wẹ ìyá arúgbó tí wọn ò bá tan, tí wọ́n ń gbé e sórí àga, tí wọ́n ń bá a sọ̀rọ̀ bó tilẹ̀ ti gbàgbé orúkọ wọn. Láti ọjọ́ 22 oṣù Keje 2025, ìjọba ti ti ilẹ̀kùn físà iṣẹ́ yìí mọ́ àwọn tó fẹ́ wá láti òkè òkun. Lib Dem ní ìlérí kan nínú ìwé ètò wọn ti 2024 pé kí owó tó kéré jù fún òṣìṣẹ́ ìtọ́jú fi £2 ju ti òṣìṣẹ́ yòókù lọ ní wákàtí kan. Wọ́n tún fẹ́ kí ìtọ́jú ara fún arúgbó di ọ̀fẹ́ ní England. Scotland ti ní irú rẹ̀ láti 2002, ìjọba àjọṣe Labour àti Lib Dem ló sì bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ níbẹ̀. Ìyẹn fi hàn pé àbúrò lè bá ẹ̀gbọ́n ṣe ìjọba kí nǹkan gidi kù lẹ́yìn rẹ̀.

Iṣẹ́ mìíràn tún wà tí ẹgbẹ́ tí kò sí nínú ìjọba lè ṣe. Keir Starmer, gẹ́gẹ́ bí olóòtú ìjọba, ní láti fi sùúrù bá Donald Trump sọ̀rọ̀. Davey kò ní irú ìdè bẹ́ẹ̀ lọ́rùn. Nígbà tí Ọba Charles se àsè fún Trump ní oṣù Kẹsàn-án 2025, wọ́n pe Davey, ó sì kọ̀ láti lọ nítorí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní Gaza. Charles Kennedy, tó jẹ́ olórí wọn nígbà ogun Iraq ní 2003, ṣe irú rẹ̀: nígbà tí Labour àti Conservative jọ fọwọ́ sí ogun náà, òun kọ̀. Ní 2005, ìjókòó 62 ni Lib Dem gbà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wọn ti kan ọmọ Yorùbá

Kemi Badenoch, ọmọ Yorùbá, ló gba ipò olórí Conservative ní oṣù Kọkànlá 2024. Bí yóò bá gbé ẹgbẹ́ rẹ̀ padà sórí àlééfà, ó gbọ́dọ̀ gba Witney, Maidenhead, Henley àti ọ̀pọ̀ irú wọn padà lọ́wọ́ Lib Dem. Nínú àwọn aṣòfin Lib Dem tí yóò sì bá wọ̀yá ìjà, ọ̀kan ń jẹ́ Josh Babarinde, tó gba Eastbourne lọ́wọ́ Conservative ní 2024. Orúkọ Yorùbá ló wà lápá méjèèjì.

Ohun tó tún ṣe pàtàkì jù ìyẹn lọ ni pé ọmọ Nàìjíríà tó ń gbé ní Ìlú Ọba pẹ̀lú ìwé àṣẹ ìgbélùú lè dìbò, kódà nínú ìdìbò gbogbogbò, kó tó di ọmọ ìlú wọn rárá. Ìdí ni pé Nàìjíríà wà nínú Commonwealth. Akẹ́kọ̀ọ́ lè dìbò. Òṣìṣẹ́ ìtọ́jú lè dìbò, níwọ̀n ìgbà tó bá ti pé ọdún 18 tó sì ti forúkọ sílẹ̀. Páàsì Nàìjíríà wà lára ohun tí wọ́n ń gbà lójú ibi ìdìbò. Ọ̀pọ̀ wa kò mọ̀, á sì ju ìwé ìforúkọsílẹ̀ tí káńsù fi ránṣẹ́ sínú àpótí ìdọ̀tí. Ní ẹkùn tí wọ́n fi ìbò 149 gba ìjókòó, ìjọ Àgùdà kan tàbí ilé ìjọsìn Sẹ̀lẹ́ kan lè pinnu ẹni tó máa wọlé.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí báyìí

Ìdìbò gbogbogbò tó kàn kò gbọ́dọ̀ kọjá oṣù Kẹjọ 2029. Ìbò ti ń pín sí ọ̀nà márùn-ún báyìí ní England: Labour, Conservative, Reform, Lib Dem àti Green. Jálẹ̀ ọ̀pọ̀ oṣù ní 2025, Reform ló ń léwájú nínú ìwádìí èrò ará ìlú. Ọgbọ́n òpó mẹ́ta tí mo ṣàlàyé lókè wà fún ìgbà tí Conservative jẹ́ ẹni tí gbogbo èèyàn fẹ́ lé kúrò. Lóde òní, Lib Dem gbọ́dọ̀ sọ fún olùdìbò bóyá Conservative ni wọ́n fẹ́ dí lọ́nà tàbí Reform. Ní Surrey, ìdáhùn lè jẹ́ ọ̀kan. Ní Shropshire, ó lè jẹ́ èkejì. Davey ti fi hàn pé Farage ni òun kà sí ewu tó tóbi jù. Mo rò pé ó tọ̀nà, àmọ́ yóò ṣòro láti fi àwòrán kan ṣoṣo ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹni tó ń ka ìwé ìléwọ́ lẹ́nu ọ̀nà.

Bí ìbò bá sì pín tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi sẹ́ni tó ní 326, wọ́n á tún pe Lib Dem. Davey wà nínú ìjọba 2010 yẹn. Ó di mínísítà ètò agbára iná ní 2012. Ní 2015, àwọn ará Kingston and Surbiton dìbò lé e kúrò, ó sì di ọdún 2017 kí wọ́n tó dá ìjókòó rẹ̀ padà fún un.